Okùn Ẹ̀yìn Ẹsẹ̀

Ní ilẹ̀ wa, okun la fi ń kí ara wa.
O jí, "Okun o!"
O ti oko dé, "Okun o!"
Láàárọ̀ ọjọ́ tí okùn ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi kọ̀ṣẹ́,
tí mo ń di ògiri mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn,
Bàbá Mẹ́súbì kí mi láti òdìkejì ọ̀nà:
"Okun o, tíṣà!"
Mo dúró, mo wo gìgísẹ̀ mi.
Bàbá, okun lẹ wí ni, àbí okùn?

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ki fèrè sẹ́nu,
tí mò ń sáré níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé
láti ẹnu géètì títí dé ẹsẹ̀ òkè Ògìdì.
N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀
bí ẹni tó ń kọ àwìn sára ilẹ̀kùn.

Ìrora náà kì í pariwo.
Àárọ̀ ni tirẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ́kọ́ kanlẹ̀.
Bó bá di ọ̀sán, ara á ti gbóná, á gbàgbé,
èmi náà á gbàgbé,
ẹ̀tàn rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Kàbbà.
Olórunjùwọ́n oníkẹ́míìsì kó ọjà rẹ̀ sórí tábìlì:
ìbọ̀sẹ̀ kan tí kò ní ibi ìka, tó lè mọ́ni pinpin;
òmíràn olókùn mẹ́ta,
bí o bá ṣí i, á dún fàrà bí aṣọ tó ya;
àti bàtà funfun kan, ó le bí ike omi,
"Ti alẹ́ nìyí, tíṣà, ẹ óò wọ̀ ọ́ sùn."
Mo ro ti ọkọ mi àti ojúgun rẹ̀.
Èyí tó wọ́n jù ló yìn jù.
Owó oṣù mi gbọ́, ó sá pamọ́.

Olókùn mẹ́ta ni mo rà,
torí pé ó jọ nǹkan.
Mo fà á le, mo tún fà á le,
bí ẹni ń di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.
Ọjọ́ kẹta, ọmọ ìka mi kú tipiri,
ojú rírán rẹ̀ sì jókòó gẹ́ẹ́
lórí ibi tó ń dùn mí.

Ìyá mi ń wò mí láti ìdí òfì.
Àádọ́ta ọdún ló ti ń hun aṣọ níbẹ̀.
Kò dìde. Ó ní:
"Òwú tó bá ń ya lórí òfì, ta ní í fà á le?
Ṣe là á dẹ̀ ẹ́, kó rí ara gbé e."
Ó já fọ́nrán òwú kan, ó fi yí ọrùn ẹsẹ̀ mi ká,
ó ta kókó síbi tó pàdé.
Nírọ̀lẹ́, ó tún wọ̀n ọ́n: kókó kò kan kókó mọ́.
"Àárọ̀ ló bá ọ ra ohun tí o rà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú iṣan l'Ẹ́gbẹ̀ẹ́
sọ ohun kan náà, àmọ́ ó gba káàdì.
Ó ní kí n gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀ nínú bàtà,
kí okùn lè dẹ̀;
kí n ṣe é sí méjèèjì, àtẹsẹ̀ tí kò jẹ̀bi,
kí ìbàdí má baà yọ.

Ṣóbàtà-ṣóbàtà kan gé e fún mi
lára sálúbàtà ògbólógbòó, ẹyọ méjì,
ó nípọn tó ìka kan.
Mo padà ra ìbọ̀sẹ̀ aláìníka, èyí tí òwú ìrọ̀lẹ́ gbà;
mò ń wọ̀ ọ́ bí mo bá ń rìn jìnnà.
Olókùn mẹ́ta ń bẹ lórí ìṣó.
Ọkọ mi fi so ilẹ̀kùn ilé adìyẹ lánàá.

Ní báyìí, láràárọ̀,
mo máa ń dúró létí àtẹ̀gùn iwájú ilé,
mo ń sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
mo ń kà á dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Àwọn ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé á dúró, wọ́n á bá mi kà á,
wọ́n á fo ẹẹ́sàn-án,
wọ́n á ní kí tíṣà tún un ṣe.