Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní Madurai

Bàbá mi, Chellappan, kò mọ̀wé,
ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí imú òṣèré ti ń pàdé ètè rẹ̀.
Abala mẹ́fà ni wọ́n gé ọkùnrin náà sí.
Èmi ni mo ru garawa gọ́ọ̀mù,
òun ló gun àkàbà.

Lọ́la ni fíìmù ń wọlé.
Alágbàtà ti ti ìlú ńlá dé,
ó jókòó sínú mọ́tò, ó ń nawọ́ sí ògiri:
“Ogójì! Ogójì ni mo sanwó fún!”
Kò ka ti màlúù tó ti lá àgbọ̀n òṣèrébìnrin jẹ
nítorí gọ́ọ̀mù ẹ̀gẹ́.
Bí àga bá ṣófo lọ́jọ́ Ajé, ògiri ló jẹ̀bi;
bí èrò bá wọ́ tìrítìrí, òṣèré mọṣẹ́ ni.

Lẹ́bàá ibùdókọ̀, òjò ti ya ìwé.
Eré lórí eré, ó nípọn ju àtẹ́lẹsẹ̀ darandaran lọ,
ojú kan sì yọ lábẹ́ gbogbo wọn:
fíìmù ọdún tí ìyá mi ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà,
kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn.

Bàbá di búrọ́ọ̀ṣì mú. Gọ́ọ̀mù ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.
“Mélòó la ti lẹ̀?”
Mo ní, ogójì.
Mọ́kàndínlógójì ni.