Ohun Tó Ń Jẹun Nínú Arère

Etí ni bàbá mi fi ń yẹ igi wò.
Ní Òkòbaba, létí ọ̀sà, kí ìtì tó kan ayùn,
Músílíù á bẹ̀rẹ̀, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti èèpo,
á na ìka kan sókè:
ẹ dákẹ́, ẹnìkan ń jẹun níbí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Èmi náà tẹ́tí.
Kírí, kírí, kírí,
bí eku tó ń họ ìdí àpótí
nínú yàrá ẹlòmíì.

"Kò lójú," bàbá wí, "ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan.
Eyín ni wọ́n bí, wọ́n wá fi ara díẹ̀ lé e."
Igbó Oǹdó ni ìyá rẹ̀ ti bá igi náà pàdé lálẹ́,
igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bì lulẹ̀, tí oje rẹ̀ ò tíì gbẹ.
Ó fi ẹnu la èèpo, ó yé ẹyin kan síbẹ̀,
tín-ín-rín bí hóró ìrẹsì,
ó sún síwájú, ó tún là, ó tún yé,
kò bojú wẹ̀yìn.

Inú oúnjẹ ni wọ́n bí ìdin sí.
Ó kọ́kọ́ jẹ abẹ́ èèpo, níbi tí adùn wà,
lẹ́yìn náà ó kọjú sí igi gan-an:
ó ń jẹ ọ̀nà níwájú,
ó ń fi ìgbẹ́ dí ọ̀nà lẹ́yìn.
Wọ́n so ìtì mọ́ ìtì, wọ́n fà wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ wá;
ẹ̀gbẹ́ tó wà ni kò rì.

Nínú igbó, kò sẹ́ni tó pè é lólè.
Àkókó ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀,
agbọ́n onírù gígùn ń gún igi wá a,
ihò tó bá sì fi sílẹ̀, òjò á wọ̀ ọ́, olú á wọ̀ ọ́,
títí òkú igi á fi di ilẹ̀ tí igi mìíràn ń mu.
Ní Òkòbaba, ihò ni ihò.
Àwọn káfíńtà Múṣin á ti pẹ́ńsù bọ̀ ọ́,
wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ owó.

Pákó tí wọn ò rà ni bàbá fi kan bẹ́ńṣì wa.

Bàbá kú. Bẹ́ńṣì gbẹ.
Oúnjẹ inú rẹ̀ le bí eegun,
ẹni tó ń jẹ ẹ́ sì fara balẹ̀, ó sọ oṣù di ọdún.
Ọyẹ́ keje lẹ́yìn ìsìnkú,
mo rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́sẹ̀ bẹ́ńṣì,
ihò kan tó mọ́ roboto,
àti òun, lórí ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná:
aláwọ̀ eérú, ìwo méjì tó gùn ju ara lọ,
ó ń fi wọ́n wá igbó kiri nínú yàrá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà.

Mo mú un. Ó fi ọrùn ha ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ké.
Kírí, kírí.
Mo ṣí fèrèsé. Ọ̀nà Òkòbaba ló gbà,
níbi tí igi tútù ti ń rùn.

Màmá gbá ìyẹ̀fun náà jọ, kò dà á nù.
Ó ní bóyá ọ̀kan ṣì kù.
Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra bẹ́ńṣì,
ó ń sọ fún un pé kòkòrò ti jẹ ẹ́.