Wákàtí Kan

Ọmọbìnrin tó ń kànìyàn dé Ìsìnkàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé,
bírò pupa lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù ìjọba lábẹ́ abíyá.
Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Mo ní mo ru búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́rú, lójú ọ̀nà Ọ̀dà,
ogójì, kí òjò tó lé wa.
"Ó tó wákàtí kan?"
Ó tó.
Ó fa ìlà sí àpótí kékeré kan,
mo di oníṣẹ́.

Akínlabí, tó fi láílọ́ọ̀nù wé ìwé-ẹ̀rí Fúta,
rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.
Òun náà bá wọn ti mọ́tò tó kú ní Alágbàkà.
Oníṣẹ́ ni.
Ìṣẹ́ ni kò tíì gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ríṣẹ́ kí oòrùn tó mú,
àwa mẹ́tàdínlógún tó jókòó sórí pákó kan,
tí a ń wo ojú títì bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀.

Ọmọ náà fẹ́ẹ́ lọ. Ó yí padà,
ohùn rẹ̀ wálẹ̀:
ṣé wọ́n ń gba obìnrin níbi búlọ́ọ̀kù?
Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ ìkànìyàn tiẹ̀ ń parí.

Mo sún díẹ̀,
kó ráyè jókòó.