Iye Tí Wọ́n Kọ Sí I

Ṣílè mẹ́ta ló wà létí aṣọ ìyá mi,
ó so ó ní kókó, ó tún kókó náà so.
Owó ẹja ni. Owó èéfín, owó ojú pípọ́n
nídìí ààrò wa ní Òkè Balógun.

Ṣọ́ọ̀bù òyìnbó wà létí ọ̀sà, l'Ẹ́pẹ́ níbí.
Inú rẹ̀ ń rùn: ọṣẹ, kẹrosíìnì, aṣọ tuntun.
Ìyá mi fi ìka kan abọ́ tánganran, ó dẹtí sí i
bí ẹni tó ń bi ìkòkò léèrè bóyá ó ti sán.
Ṣùgbọ́n àtùpà la bá wá,
àtùpà onígò tó rọ̀ dirodiro lókè àjà.

"Ṣílè mẹ́ta."
Mísítà Kókà, ọmọ Sàró, kò gbójú kúrò nínú ìwé.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣílè kan.
Sùwébátù tí wọ́n ń sá fún l'Éjìnrìn,
tó lè ná ọ̀pá aṣọ kan títí ẹni tó ni ín
yóò fi máa tọrọ gáfárà!
"Iye tí wọ́n kọ sí i nìyẹn, ìyá ẹlẹ́ja."
Bébà pélébé kan ló wà lára irin rẹ̀.
"Ta ló kọ ọ́?"
"Àwọn ará ìlú òyìnbó."
"Ṣé wọ́n mọ̀ pé òjò pa ẹja mi lọ́sẹ̀ tó kọjá?"
Kókà ò dáhùn. Bébà ò dáhùn.
Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí owó tó dití.

Ó tú kókó, ó sanwó.
Ìgbà náà ni Kókà yọ ìgò kúrò lára àtùpà,
ó gbé e padà sórí pẹpẹ jẹ́jẹ́:
"Sísì ni ti ìgò. Òun náà ní bébà tirẹ̀."

Bí a ṣe gbé àtùpà onígò délé láìsí ìgò nìyẹn.
Ó fi èéfín ya irùngbọ̀n sára ògiri,
gbọọrọ, bíi ti Àáfà Búráímọ̀.
A rín títí. Ìyá mi ò bá wa rín.

Ẹja wá dọ̀wọ́n.
Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, Kókà fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà,
àlejò ń bọ̀ wá bá a láti Èkó.
Ó ná àrọ̀ gbígbẹ kan, ó ní kí wọ́n dín in.
Ìyá mi ò gbójú kúrò nídìí ààrò.
Ó nàka sí ara igbá,
níbi tó ti fi èédú fa ìlà mẹ́fà:
"Iye tí wọ́n kọ sí i nìyẹn, bàbá alátùpà."
"Ta ló kọ ọ́?"
"Àwọn ará inú omi."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló rán mi ní ìgò náà.
Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e bọ̀, n kò mí dáadáa
títí mo fi dé ibi tí irùngbọ̀n wà lára ògiri.