Ọjọ́ Karùn-ún

A kì í rí òórùn, gbígbọ́ la ń gbọ́ ọ.
Mo gbọ́ ọ ní aago mẹ́ta òru,
ní wọ́ọ̀dù orí òkè tó kọjú sí òkun Swansea,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Gethin Prosser,
tó fi ọdún méjìdínlógójì yọ́ irin ní Port Talbot,
tó wá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún rèé tí wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun rẹ̀,
tí wọ́n so orí mọ́ orí bí igbà tó já.
Adẹ́mu ò jẹ́ fi irú igbà bẹ́ẹ̀ gun ọ̀pẹ.
Gethin ò rí òmíràn.

“Báwo lara?”
“Dáadáa ni, Ìbíwùmí.” Ó pè é pé, kò gé e,
torí orúkọ abúlé tiwọn náà gùn ju okùn kànga lọ.
Dáadáa kẹ̀! Òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀,
ẹsẹ̀ tutù bí ẹja inú yìnyín,
ikùn le bí pákó.
Mo ṣí ojú ọgbẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́n.
Ṣùgbọ́n òórùn yẹn.

Màmá mi a máa ṣí ìkòkò ẹ̀wà àná láàárọ̀,
á sún imú mọ́ ọn, á dákẹ́ díẹ̀,
á ní, “Ó ti fẹ́ yí padà.”
Kò tíì kan. Ó fẹ́ kan ni.

Dókítà kékeré wo ìwé, ó ní ibà ò tíì ga,
ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́.
Inú ọmọ aráyé jìn, làwọn àgbà wí.
Àwọn yìí tan iná wo inú, wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́,
wọ́n rán an pa, síbẹ̀ wọn ò mọ ohun tó ń gbèrò.
Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Ohùn mi ga díẹ̀.
Mo mọ̀ pé ohùn mi ni wọ́n á sọ lọ́la, kì í ṣe imú mi.
Ó pè é.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti tì í padà sábẹ́ ọ̀bẹ.
Ojú ìsopọ̀ ti jò, ihò tí kò ju orí ìṣó lọ;
ohun tí à ń gbé lọ sí ṣálángá
ti ń rìn kiri nínú ìyẹ̀wù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi fọ egbò náà láìrán an.
Ìsàlẹ̀ legbò ti ń jinná;
èyí tó bá kọ́kọ́ panu dé lókè, irọ́ ló ń pa.
Oògùn ń kán tó, tó.
Ọṣẹ bó mi lọ́wọ́.
Nerys ìyàwó rẹ̀ ń hun súwẹ́tà lọ,
ìwọ̀n àtijọ́ ló fi ń hun ún, kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń na fèrèsé,
nǹkan dún lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.
Gethin fọwọ́ bojú. “Ẹ má bínú.”
Ta ní ń bínú? Ìfun tó bá só ti jí.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kọ aago tì í,
mo sì ṣí fèrèsé díẹ̀.