Orúkọ Iyọ̀

Láàárọ̀ yìí ó ní kí n bá òun mú
"funfun tó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ sọ̀rọ̀."
Mo gbé iyọ̀ fún un. N ò pe orúkọ rẹ̀.
Dókítà kan ní Ìdí-Àràbà ló ní ká má kánjú,
pé ọ̀rọ̀ dà bí adìẹ tó jẹ̀ lọ,
bílẹ̀ bá ń ṣú, á wá ọ̀nà ilé.
Ọdún kan àti oṣù méjì nìyí,
àgò mi ṣì wà ní ṣíṣí.

Oyèdòkun tó ń ka ìwé lódìkódì!
Ní Ṣómólú, níbi tí òórùn tàdáwà ti ń wọnú búrẹ́dì,
bí wọ́n bá to lẹ́tà tán,
lẹ́tà irin tó kẹ̀yìn sáyé,
òun ni wọ́n máa ń pè kó wá wò ó.
Á tẹ̀, á di ojú kan:
"Ẹ dá máṣíìnì dúró! Ta ló fàmì lé ọkọ lórí?
Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ fẹ́ ọkọ̀ ni?"
Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín.
Àmì bíńtín, kò tó ẹsẹ̀ èèrà,
òun ló dúró láàárín ẹni tó ń gbéni níyàwó
àti ohun tó ń gbéni lọ sọ́run.

Ọkọ̀ náà ò tilẹ̀ sáré.
Tirela ni, ó ti Àpápá bọ̀, ó ru sìmẹ́ńtì.
Wọ́n ní ọmọkùnrin tó wà á ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀
pé bíréèkì ń sunkún,
ọ̀gá ní kó ṣáà fi ti òní pé e.
Ní Fádèyí ló ti kọ lu kẹ̀kẹ́ Màrúwá,
Oyèdòkun wà lẹ́yìn,
páálí káàdì ìgbéyàwó lórí itan rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kò jáde.
Ó dìde, ó ń ṣa káàdì nínú gọ́tà,
ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu orúkọ ìyàwó.
Àwọn èèyàn ní, "A bá ọ yọ̀, orí rẹ ló yọ ọ́."
Lóru ni orí tí wọ́n kí bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti inú.
Ó bì. Ó bi mí pé ta ló paná.
Iná ò kú.
Ẹyin ni wọ́n mì, wọn ò fọ́ ọ:
èèpo ń dán, inú ti dàrú.

Ilé-iṣẹ́ onítirela fi àpò ìrẹsì kan àti lẹ́tà ránṣẹ́.
Mo bá a ka lẹ́tà náà. Àṣìṣe mẹ́rin.
Ìkarùn-ún ni pé wọ́n pè é ní "ìjàǹbá kékeré."

Àwọn àlejò a máa ní, "Ó kúkú ń rìn, ó ń jẹun,
kí ló wá kù?"
N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fi hàn wọ́n
bó ṣe ń sá fún ìmọ́lẹ̀ bí òwìwí,
bó ṣe ju abọ́ mọ́ ògiri torí pé omi ń kán,
tó wá kúnlẹ̀, tó ń ṣa àfọ́kù,
tó ń wí pé, "Àǹtí, ẹ má bínú."
Àǹtí.
Èmi tí mo bí Ìbídàpọ̀ fún un.

Ìbídàpọ̀ ti kọ orúkọ gbogbo nǹkan mọ́ wọn lára:
ILEKUN. AGA. FERESE.
Ó lẹ MAMA MI mọ́ mi láyà,
mo gbàgbé, mo wọ̀ ọ́ lọ ra gààrì.
Lára agolo orí tábìlì, ó kọ IYO,
láìsí àmì, bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń kọ̀wé.

Lọ́sàn-án yìí mo bá a níwájú agolo náà,
pẹ́ńsù lọ́wọ́.
Ó tẹ̀. Ó di ojú kan.
Ó kán tóótó sísàlẹ̀ O,
ó fa ìlà kékeré sórí rẹ̀, ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.
Mo di ògiri mú.
Ó yíjú sí mi, inú rẹ̀ ń dùn:
"Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀!"
Ó wá gbé agolo sétí, ó mì í,
"Àǹtí, kí ni wọ́n kó sínú ẹ̀?"