Ìgúnpá Kàrámà

Ní Ṣíbámù, nínú ilé alámọ̀ tó ga bí igi ọ̀pẹ,
Gáliyà tẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè sórí itan,
ó ń tọ lẹ́tà mẹ́ta lẹ́yìn
bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ ewúrẹ́ tó sọnù:
ráà, fáà, káfù.
"Baba àgbà, kí ni ráfíìkì?
Mo mọ̀ pé alábàárìn ni. Níbo ló ti wá?"

Kàrámà ń yọ kóró dàbínù.
Apá òsì rẹ̀ ká kò, kò nà mọ́
láti ayé ìgbà tí ràkúnmí ń kó iyọ̀ la aṣálẹ̀ já.

Ọmọ ń kà á lọ:
"Wọ́n ní agboolé kan náà ni òun àti ìwà pẹ̀lẹ́.
Ìgúnpá, ọmọ ìyá wọn ni.
Ìrọ̀rí tí à ń fara tì, ọmọ ìyá wọn.
Okùn kan tún wà, tí wọ́n fi ń so apá abo ràkúnmí
nígbà tí àárò ilé bá ń sọ ọ́,
kó má baà sá padà."

Baba rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ti okùn.
"Oníwèé yẹn ti sin ràkúnmí rí."

Ó pẹ́ kó tó tún lanu.
"Ilẹ̀ àwọn kan wà tí mi ò lè dá kọjá.
Ẹ̀jẹ̀ wà láàárín wa. Mo wá ọmọ wọn kan,
Músállàmù, olójú kan. Mo fún un ní fàdákà méjì,
ó jẹun nínú àwo mi,
ó ní ọrùn mi ti di ọrùn òun.
Ìbọn yọ lórí àpáta, ó kígbe orúkọ bàbá rẹ̀,
ìbọn wálẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹfà, ibà gbé e ṣánlẹ̀.
Kò sí ìrọ̀rí. Òkúta ló wà, òkúta gbígbóná.
Mo tẹ́ apá.
Òru mẹ́ta ni orí rẹ̀ fi wà níbẹ̀.
Bí mo bá fẹ́ rọra fà á yọ, á mí kanlẹ̀,
màá tún fi í sílẹ̀."

Gáliyà pa ìwé dé, ìka rẹ̀ ṣì há sáàárín.
"Èwo ló ṣáájú?
Ìgúnpá ló bí alábàárìn ni, àbí alábàárìn ló bí ìgúnpá?"

"Músállàmù ni kó o bi."

"Ó yè é?"

Baba ju kóró kan sínú àwo.
Ó sún díẹ̀ lórí ẹní,
àyè ẹnì kan ṣí sílẹ̀ lápá òsì,
níbi tí apá ti ká bí ìtẹ́ ẹyẹ.